Dókítà ní ká fi abẹ́rẹ́ àńtíbọ́dì kún kímò, oògùn jẹjẹrẹ, fún màmá wa. Ṣé ká ta ilẹ̀?

Ọmọ Eléja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí yìí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹni ọdún 63 ni màmá wa. Ẹja ni wọ́n ń yan tà ní ọjà Olúwo, kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń ṣe é. Mi ò rí sìgá lẹ́nu wọn rí. Lọ́dún tó kọjá ikọ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ní èéfín ààrò ni. Ilé ìwòsàn kan ní ikọ́ ife ni. Wọn ò rí kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, síbẹ̀ wọ́n fi oògùn rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, màmá sì lò ó fún oṣù márùn-ún gbáko. Ikọ́ ò lọ, aṣọ ń tóbi sí wọn lára. Ìgbà tí a gbé wọn dé LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ni síkáánì tó fi kókó hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún. Ó ti ràn dé eegun ẹ̀yìn àti ẹ̀dọ̀. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ̀ ọ́, wọ́n yọ ẹran díẹ̀ jáde lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, irú tí wọ́n ń pè ní adenocarcinoma, ìpele kẹrin.

Dókítà ní kímò oríṣi méjì ni wọn yóò máa fà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, carboplatin àti pemetrexed. Ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún un, pembrolizumab, pé ìyẹn kì í ṣe kímò, àńtíbọ́dì ni. Ṣùgbọ́n kí a tó ra àńtíbọ́dì yẹn, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹran tí wọ́n yọ wò fún nǹkan méjì, EGFR àti ALK, ìyẹn àyípadà inú àbùdá (gene) jẹjẹrẹ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni èsì máa gbà.

Ibẹ̀ ni ìjà ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní a ti fi oṣù márùn-ún ṣòfò lórí ikọ́ ife, òun ò ní dúró de àyẹ̀wò kankan mọ́. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde. Owó abẹ́rẹ́ àńtíbọ́dì kan ṣoṣo ju èrè tí màmá ń rí lórí ẹja lọ́dún kan. Màmá fúnra wọn ní ẹni tó bá ta ilẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ wá síbi ìsìnkú àwọn. Èmi ni àbíkẹ́yìn, àárín wọn ni mo wà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àńtíbọ́dì yìí ń ṣe tí kímò nìkan ò lè ṣe? Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń ta ilẹ̀ sí? Ṣé ká dúró de èsì, àbí ká bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Tiwa

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fa kímò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 11. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ìyá tó bá jókòó sórí àga wa ni màá ṣe ṣàlàyé fún yín.

Kímò ò mojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá ti ń yára pín nínú ara ló ń lù. Jẹjẹrẹ ń yára pín, ó lù ú. Irun orí, awọ inú ẹnu, mùdùnmúdùn inú eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ń yára pín, ó lu àwọn náà. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń bó, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀.

Àńtíbọ́dì yàtọ̀. Ara kálukú ló ní ọmọ ogun tirẹ̀ tó yẹ kó ti pa jẹjẹrẹ ní kékeré. Jẹjẹrẹ wá gbọ́n, ó rán aṣọ ẹbí wọ̀. Ọmọ ogun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rí aṣọ ẹbí, ó ní ará ilé nìyí, ó yà á sílẹ̀. Aṣọ ẹbí yẹn ni wọ́n ń pè ní PD-L1. Ojú tí ọmọ ogun fi ń rí i ni PD-1. Iṣẹ́ pembrolizumab ni pé ó bo ojú yẹn. Ọmọ ogun ò rí aṣọ mọ́, ìwà ọ̀tá nìkan ló ń rí, ó sì kọ lù ú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tasuku Honjo ará Jàpáàn ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí PD-1 ní 1992. Òun àti James Allison ará Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú iṣẹ́ yìí ní 2018.

Wọ́n ń pa méjèèjì pọ̀ nítorí pé kímò máa ń fọ́ kókó náà, èérún rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun á wá mọ ohun tí wọ́n ń wá kiri. Kímò tún ń yára ju àńtíbọ́dì lọ. Ẹni tí kókó ti ń fún mọ́ ọ̀nà èémí rẹ̀ ò lè fi gbogbo ara gbára lé ohun tó ń rọra ṣiṣẹ́.

Àkàndé Òkè-Òkun

Manchester ni mo wà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ó dùn mí. Ìyá tó wò mí dàgbà náà yan ẹja ni.

Ìwádìí tí wọ́n gbé ìpapọ̀ oògùn yìí lé ni KEYNOTE-189, èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Èèyàn 616 ló wà níbẹ̀, irú jẹjẹrẹ tí màmá ní náà ni wọ́n pọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 tó gba kímò pẹ̀lú pembrolizumab, bí 69 ṣì wà láàyè. Lọ́dọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kímò nìkan, bí 49. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí 19 sí bí 11. Àbúrò, ẹ ka nọ́ńbà kejì yẹn dáadáa kí ẹ tó ta ohunkóhun. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, mo sì gbà pé ó tó jà fún. Àmọ́ nínú 100, ó lé ní 80 tí kò pé ọdún márùn-ún. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ̀gbọ́n yín pé bí wọ́n bá ti ta ilẹ̀, àìsàn ti tán.

Tó bá jẹ́ owó àti ibi tí a ti ń rí i ló ń dà yín láàmú, mo lè bá yín wá a níbí, kí n gbé e wálé nínú báàgì mi ní December.

Apòògùn Àgbádárìgì

Bọ̀dá Àkàndé, ìfẹ́ ni ẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e. Láàárín òtútù 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé apá aláìsàn. Kò gbọdọ̀ dì, kò gbọdọ̀ gbóná, wọn kì í mì í jìgìjìgì. Èròjà ẹlẹgẹ́ ni. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, ó lè má hàn sójú rárá, omi lásán ni wọ́n á máa fà sí màmá lára.

Mo ń gbé nítòsí Sẹ̀mẹ̀, mo mọ bí ọjà ṣe ń wọlé. Irú oògùn olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ń wá. Kódà ní Amẹ́ríkà, ní 2012, ìjọba wọn kéde pé ayédèrú Avastin, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, ti wọlé, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Nínú ilé oògùn ilé ìwòsàn tó máa fà á ni kí ẹ ti rà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ béèrè ìwé ibi tó ti wá. Ẹ má tijú láti béèrè.

Arìnnàkò, Ìjẹ̀dẹ́

Ẹ má bínú sí mi. Ṣé kò sí ewé tó lè ran màmá lọ́wọ́? Bàbá àgbà mi mọ egbò tí wọ́n ń sè fún kókó inú àyà. Kímò yìí ń ba èèyàn lẹ́rù, mo rí ohun tó ṣe fún aládùúgbò wa.

Apòògùn Àgbádárìgì

Mi ò bínú rárá. Mo mọyì ewé wa, inú ilé oníṣègùn ni wọ́n bí mi sí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni kíndìnrín. Kíndìnrín ló ń lé pemetrexed jáde nínú ara. Bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì di májèlé. Àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo àsìkò kímò, kí màmá má fi àgbo kẹ́nu láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Ohun mìíràn rè é tí àwọn èèyàn máa ń fojú kéré. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan kí pemetrexed tó bẹ̀rẹ̀, màmá gbọ́dọ̀ ti máa lo fólíìkì (folic acid, fítámì kan) lójoojúmọ́, kí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ B12, tí wọ́n á máa tún gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tó ṣáájú kímò, lọ́jọ́ kímò àti lọ́jọ́ kejì rẹ̀, wọ́n á lo dexamethasone kí ara má baà sú. Fólíìkì ò wọ́n. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu bó, kí ẹ̀jẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jù. Ẹ lè bi dókítà bóyá kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, kí ọjọ́ tí ẹ fi ń jà má baà ṣòfò.

Ọmọ Eléja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. A ti bi dókítà lórí fóònù, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fólíìkì lọ́la.

Ẹnì kan ní Èkó ní ká lo Avastin dípò pembrolizumab, pé àńtíbọ́dì ni òun náà, owó rẹ̀ sì dín. Ṣé òótọ́ ni?

Apòògùn Àgbádárìgì

Àńtíbọ́dì ni lóòótọ́, bevacizumab ni orúkọ rẹ̀ gan-an, oríṣi tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe sì ti mú owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ wọn ò jọra. Kókó jẹjẹrẹ máa ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tuntun fún ara rẹ̀ kó lè rí oúnjẹ jẹ, bí ẹni gbẹ́ kòtò omi wọnú oko. Bevacizumab ń dí àwọn kòtò yẹn. Òun ni àńtíbọ́dì àkọ́kọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn pé bí a bá fi kún kímò, aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lè pẹ́ sí i. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2006, tí èèyàn 878 wà nínú rẹ̀, ìdajì àwọn tó gba kímò nìkan lo ju oṣù 10.3 lọ, ìdajì àwọn tó gba méjèèjì lo ju oṣù 12.3 lọ. Oṣù méjì.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tún lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, èèyàn márùn-ún ló kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ń húkọ́ ẹ̀jẹ̀, tó tó ìdajì ṣíbí tíì, wọn ò tiẹ̀ gbà á wọnú ìwádìí náà. Ẹ dá mi lóhùn, ṣé màmá ti húkọ́ ẹ̀jẹ̀ rí?

Ọmọ Eléja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù tó kọjá. Èyí kejì kún ìdérí ìgò omi. A ò sọ fún dókítà nítorí pé màmá ní ká má sọ ọ́.

Apòògùn Àgbádárìgì

Ẹ sọ fún un lónìí. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ sì gbàgbé Avastin, àfi tí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ yẹn bá sọ nǹkan mìíràn.

Dókítà Ìgbógbo

Ìkòròdú ni mo wà. Mo dúró kí àwọn tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí n tó dá sí i. Ìbéèrè tí ẹ kọ́kọ́ bi, pé ká dúró àbí ká bẹ̀rẹ̀, ni mo fẹ́ dáhùn, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyá tí kò mu sìgá rí, tó ní adenocarcinoma, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àyípadà EGFR jù lọ. Bí EGFR bá wà níbẹ̀, oògùn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yàtọ̀. Oògùn oníhóró ni, osimertinib, ilé ni èèyàn ti ń gbé e mì. Ní irú jẹjẹrẹ yẹn, àńtíbọ́dì tó ń bo ojú PD-1 kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. KEYNOTE-189 tí bọ̀dá Àkàndé kà fún wa, wọn ò gba ẹni tó ní EGFR tàbí ALK sínú rẹ̀. Ẹ ò lè fi èsì rẹ̀ ṣe ìlérí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Èyí tó tún burú ni pé, bí wọ́n bá ti fa pembrolizumab, tí èsì EGFR wá jáde pé ó wà, tí wọ́n sì bọ́ sórí osimertinib lójú ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró lè wú, kó di pé aláìsàn ò lè mí. Àńtíbọ́dì náà kì í yára kúrò lára. Ẹni tó ta ilẹ̀ láti fi ra á ti fi owó ilẹ̀ ra ewu.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti jàre. Òótọ́ ni pé kò yẹ kí màmá dúró lásán. Ohun tí a máa ń ṣe bí ara aláìsàn bá ń lọ sílẹ̀ ni pé a ó bẹ̀rẹ̀ kímò nìkan ní ìgbà àkọ́kọ́, a ó fi àńtíbọ́dì sílẹ̀. Bí èsì bá dé pé kò sí EGFR, kò sí ALK, a ó fi àńtíbọ́dì kún un ní ìgbà kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí EGFR bá wà níbẹ̀, a ti rí i, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ lọ bi dókítà màmá bóyá ọ̀nà yẹn bá wọn mu. Òun ló rí wọn, èmi ò rí wọn.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹran tí wọ́n yọ ṣì kù nínú búlọ́ọ̀kù. Inú epo àbẹ́là ni wọ́n máa ń rì í sí, kékeré sì ni. Bí wọ́n bá ti gé e tán lórí àyẹ̀wò mìíràn, ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n lè fi wá EGFR. Kí wọ́n wo PD-L1 pẹ̀lú. Bí ó bá tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan wà tó lè gba pembrolizumab nìkan láìsí kímò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi í sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí fún irú wọn ní 2025. Mo ń retí ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tẹ̀lé ìwé yẹn wálẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, omi ló ń bọ́ lójú mi. Ọkọ mi gba kímò àti pembrolizumab yìí gan-an. A ta ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó. Owó yẹn gbé wa dé abẹ́rẹ́ karùn-ún.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Èmi náà ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, torí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. A ra àgbo jẹ̀dí, ó mu ún fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ń yàgbẹ́ nígbà mẹ́jọ, nígbà mẹ́sàn-án lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ wá ń bá a jáde. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti wọnú. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun tí nọ́ọ̀sì ń sọ yẹn ti kọ lu ìfun òun fúnra rẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ọmọ ogun ara, ni wọ́n fà fún un, kì í ṣe oògùn ìgbẹ́. Ó yè é. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àńtíbọ́dì dúró fún oṣù méjì.

Mo ń sọ ọ́ kí ẹnì kankan má baà ṣe ohun tí mo ṣe. Ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn àńtíbọ́dì kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí títí dókítà á fi sọ pé òun ni.

Ọkọ mi lo oṣù 16. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ dára. Ó padà sí ibi iṣẹ́, ó mú àwọn ìbejì lọ sí ilé ìwé fúnra rẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé ẹnì kankan ò sọ fún wa níbẹ̀rẹ̀ pé ó lè tó abẹ́rẹ́ 35, ọdún méjì. A rò pé mẹ́rin ni, bíi ti kímò. Ẹ béèrè iye rẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Nọ́ọ̀sì Tiwa

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ yẹn sí fún yín. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Ọmọ Eléja, ẹ kọ èyí sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò ni ọmọ ogun ara máa ń kéré jù. Bí ìgbóná bá ti dé 38, ilé ìwòsàn ni, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má ní ibà ni, ẹ má ra oògùn ibà nílé kẹ́míìsì. Mo ti rí ẹni tó dúró di àárọ̀ tí kò rí àárọ̀. Bí ikọ́ tuntun bá dé, tí mímí ṣòro, tí ojú pọ́n bí ti ẹni tó ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí àárẹ̀ tí kò lórúkọ mú wọn, ẹ pè wá. Àńtíbọ́dì lè fa ìwọ̀nyí kódà lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan tí wọ́n ti fà á kẹ́yìn.

Bí ó ti ràn dé eegun ẹ̀yìn, bí ẹsẹ̀ màmá bá di aláìlágbára lójijì, tàbí tí wọn ò lè tọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn wá. Bí ẹ̀yìn bá sì ń ro wọ́n, ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan péré lè mú ìrora náà rọlẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ béèrè àwọn tó ń tọ́jú ìrora láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn ń sá fún wọn, wọ́n rò pé ìgbà tí ikú bá dé ni wọ́n ń wá. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, 2010, lórí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti ràn, fi hàn pé àwọn tó tètè rí wọn lo oṣù 11.6, àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lo 8.9. Ọ̀rọ̀ ìrora, oúnjẹ àti oorun ni wọ́n bójú tó, ẹ̀mí sì gùn sí i.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Ẹ̀pẹ́

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sọ. Àbúrò mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí lálẹ́ àná. Inú kọ́kọ́ bí mi pé ó gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Mo wá ka ti Dókítà Ìgbógbo lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi ni mo máa ń gbé màmá lọ gba oògùn ikọ́ ife. Oṣù márùn-ún. Mo ń ka hóró fún wọn lójoojúmọ́, mo ń bá wọn jà tí wọn ò bá fẹ́ lò ó. Nígbà tí dókítà tún ní ká dúró, mo rò pé wọ́n tún fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé dídúró yìí yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn.

A máa bẹ̀rẹ̀ kímò nìkan lọ́jọ́ Tuesday, bí dókítà wọn bá gbà. Mo ti bẹ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ pé kó fún mi ní oṣù kan.

Ọmọ Eléja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí nǹkan dé.

Dókítà gbà. A sọ ti ẹ̀jẹ̀ fún un, ó bá màmá wí díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kímò àkọ́kọ́ wọlé láìsí wàhálà. Èébì ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n ń bèèrè ẹ̀bà. Ní ọjọ́ kẹwàá, aago méjì òru, ara wọn gbóná. Màmá ní ibà ni, kí a fi àwọn sílẹ̀. Mo wọn ọ́n, 38.4. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ funfun wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n fi wọ́n sórí dírípù fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ti wálé. Nọ́ọ̀sì, ìwé yín ṣì wà lára ògiri.

Èsì dé lánàá. Kò sí EGFR, kò sí ALK. PD-L1 jẹ́ 20. Ìyẹn ni pé àńtíbọ́dì bá wọn mu, kímò sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ẹ rí i, ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló jáde." Èmi ò bá a jiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé EGFR wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ti owó: màmá ò gbà kí a ta ilẹ̀. Wọ́n gbà kí a yá a fún àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n san owó náà lẹ́ẹ̀kan. Àwa ọmọ mẹ́rin dá owó, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn eléja yá wa díẹ̀. A ní owó abẹ́rẹ́ mẹ́fà lọ́wọ́. Dókítà ní lẹ́yìn ẹ̀kẹrin òun á ya síkáánì, bí kókó bá ń sún kì, a ó wá bí a ṣe máa ṣe é. Bí kò bá sún kì, kí á má ba owó tó kù jẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀, màmá náà gbọ́ ọ.

Wọ́n ò yan ẹja mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ń bá wọn yan án. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń jókòó sí ìta, wọ́n ń sọ fún un pé iná ti pọ̀ jù.

Ìṣòro kan ló kù. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bàjẹ́ láàárọ̀ yìí, Tuesday sì ni ìgbà kejì, aago mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ rí wa.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìkòròdú

Mi ò kọ nǹkan kan látìgbà yìí, mo kàn ń kà á. Èkó ni mo ń gbé èrò lọ láti Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Tuesday, mi ò ní gbé èrò níwájú, màmá ni màá fi síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè nà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, kí a tó bá gọ́sílóò Máìlì Kejìlá pàdé. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí ẹ sì mú ìrọ̀rí kékeré kan wá fún ẹ̀yìn wọn, títì yẹn ò dára lápá kan.

Ọmọ Eléja, Ẹ̀pẹ́

Mo ti fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. A máa wà ní ìdíkọ̀ ní aago mẹ́rin.